Ìyá Kuta Rò Pé Oyún Ni

Ajé, 6 Oṣù Kẹwàá, 1986
Dókítà ní ọgbẹ́ inú ni. Kí n má fi ebi pa inú, kí n jìnnà sí ata, kí n sì dín ìrònú kù, torí ìrònú a máa ru ọgbẹ́ sókè. Ó rọrùn lẹ́nu ẹ̀! Ṣé òun ló ń kọ́ kíláàsì kejì? Ṣé òun ló wà nílé ọkọ fọ́dún mẹ́rin láìbí? Ó fún mi ní oògùn funfun olómi, ó dà bí ẹfun. Mo ti sọ inú tó ń jó mi yìí ní Oníná.

Ìṣẹ́gun, 7
Oníná sùn. Mo jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísè.

Jímọ̀, 10
Ìyá ọkọ mi dé láti Kuta tòun ti iṣu. Wọ́n se ọbẹ̀ aláta. Ojú ń tì mí láti kọ̀ ọ́, mo jẹ ẹ́ — kò pẹ́ tí mo fi sáré lọ bì lẹ́yìnkùlé. Mo gbójú sókè: Ìyá Kuta rèé, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó rí oṣù ìtúnu àwẹ̀.
"Alihamudu lilahi! Má sọ fún ẹnì kan o."
Àwọn fúnra wọn ti sọ fún Àrínọlá, ará ilé kejì, kí ilẹ̀ tó ṣú.
Ó yẹ kí n la ẹnu. Àmọ́ tí mo bá là á, wọ́n á ní kí ọkọ mi fẹ́ ẹlòmíì.

Àbámẹ́ta, 11
Ìyá ò jẹ́ kí n gbé korobá omi. Àrínọlá kí mi kú oríire. Oníná jí, ó jó mi dé ẹ̀yìn — ata ò sì kan ẹnu mi láti àná!

Àìkú, 12
Ọ̀gá Rédíò — Rájí ọkọ mi, tó ń tún rédíò ṣe — ní kí n jẹ́ kínú ìyá òun dùn ná, òun á sọ fún wọn tó bá yá.
Tó bá yá kẹ̀? Ṣé kí n máa di aṣọ mọ́kùn ni? Ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Inú ta mí.

Ọjọ́rú, 15
Ìyá ti ń wá orúkọ ọmọ. Fàtímọ̀, tó bá jẹ́ obìnrin. Mi ò lè jẹun.

Jímọ̀, 17
Mo sọ ọ́.
Ìyá ń di ẹrù, wọ́n fẹ́ lọ ròyìn ní Kuta. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ìyá, ẹ má bínú, kì í ṣe oyún. Ọgbẹ́ inú ni."
Wọ́n jókòó. Wọ́n wá ní, "Dìde. Ọdún méje ni mo lò nílé bàbá Rájí kí n tó bí i. Ìyá ọkọ mi kì í dáhùn ìkíni mi. Inú mi jó nígbà yẹn! Mi ò mọ̀ pé ó lórúkọ."
Wọ́n jáde. Mo gbọ́ ohùn wọn lẹ́nu ọ̀nà Àrínọlá: "Kò lóyún o! Ara rẹ̀ ni ò yá. Ẹ má kí i kú oríire mọ́!"
Wọ́n ti tú ẹrù, wọ́n ní àwọn ò lọ mọ́. Wọ́n po ògì fún mi, mo mu ún tán. Ebi tún ti ń pa mí — ebi gidi. Mò ń lọ wo ohun tó wà nínú ìkòkò.