Ooru Ààrò Ẹja àti Egungun Bàdírátù

Etíkàn

Àbúrò mi Sùlèímánì,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó wa àtàwọn ọmọ. Ara ìyá wa le, ẹja sì ń wọlé.

Ìrora egungun Bàdírátù, ọmọ-ọmọ mi, ni ò lọ. Bí òjò bá ti rọ̀, ẹkún ni. Níjọ́sí, mo bá a lẹ́bàá ààrò ẹja, ara ti tù ú. Ó ní, "Màmá, ẹ yan èmi náà."

Mo rẹ́rìn-ín, mo wá ń rò ó. Mo di iyanrìn gbígbóná sáṣọ, mo gbé e lé e lórúnkún, ó sùn. Àmọ́ iyanrìn kì í pẹ́ tutù.

Bá mi bi dókítà tí ò ń bá ṣiṣẹ́: ṣé ooru ni ara rẹ̀ ń fẹ́? Èló ni àpò rọ́bà olómi gbígbóná?

Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká gbọ́ irú ẹkún yìí nílé rẹ. Tètè fèsì, òjò ti ń ṣú, Bàdírátù sì ń wojú ọ̀run ju àwọn apẹja lọ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Láídì