Òwú Tí Ọmọ Rábì Fi Wọ̀n Mí

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Èmi fúnra mi ni mo ń kọ èyí. Ẹ má rò pé mo lọ bẹ akọ̀wé kankan. Láti ọdún tó kọjá ni wọ́n ti ń kọ́ àwa àgbàlagbà ní ìwé ní ilé ẹ̀kọ́ tó wà lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí wa ní Agége, tí a bá ti ibi iṣẹ́ dé nírọ̀lẹ́. Ọwọ́ mi tó mọ ayùn àti òòlù lò ṣì ń gbọ̀n lórí bírò, ṣùgbọ́n mo ti lè kọ orúkọ yín láì wo ìwé ẹnikẹ́ni. Ta ni yóò wá kà á fún yín? Ìyẹn ni n kò mọ̀. Ẹ ò mọ̀wé títí ẹ fi lọ. Ọ̀rọ̀ náà ṣáà wà nínú mi, n kò sì rí ẹlòmíràn tí mo lè sọ ọ́ fún.

Ọmọ tí Rábì ọmọ mi bí wà lọ́dọ̀ mi. Họlidé ló wá lò, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Bísí ni wọ́n ń pè é, ọmọ ọdún méje. Ẹ ò rí i rí, èmi náà ò sì rí i rí kó tó sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin lọ́jọ́ yẹn, pẹ̀lú obìnrin olóbì kan tó bá ìyá rẹ̀ mú un wá láti Ìbàdàn. Ó gbé àpótí páànù kékeré kan dání, kò jẹ́ kí n bá òun gbé e. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàsán, Bàbá àgbà." Iwájú orí yín ni mo rí lórí ọmọ yẹn. Tó bá ń jẹun, ó máa ń kùn bí ẹ ṣe máa ń kùn. Ta ló kọ́ ọ?

Inú mi yẹ kó dùn. Ó dùn náà. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ mí, n kì í gba nǹkan lọ́wọ́ ènìyàn kí n má yí ìdí rẹ̀ wò. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo lé Rábì jáde nínú ilé nítorí pé ó ní akọ̀wé onígbàgbọ́ yẹn lòun máa fẹ́. Kò wá, èmi náà ò sì lọ. Lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án, lẹ́tà ìlà mẹ́ta péré dé: ọmọ fẹ́ mọ bàbá ìyá rẹ̀, kí n jọ̀ọ́, kí n gbà á. Kí ló dé tó fi jẹ́ ìsinsìnyí?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lọ́kàn mi fún yín. Nígbà tí ẹ wà láyé, oko obì àti igbó ló yí ṣọ́ọ̀bù mi ká. Ẹ ò ní mọ ọ̀nà Ikẹja mọ́ tí ẹ bá rí i lónìí. Katakata ń wó igi, àwọn òyìnbó ń kọ́ ilé iṣẹ́ ńláńlá, láti Àgídìngbì ni wọ́n ti ń wá káfíńtà wá sọ́dọ̀ wa. Kò sí ọ̀sẹ̀ tí ẹnì kan tó wọ bàtà dídán kì í dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù mi láti bi mí bóyá mo fẹ́ ta ilẹ̀ yìí. Ọkọ Rábì ńkọ́? Ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń wọn ilẹ̀ ló ti ń ṣe akọ̀wé ní Ìbàdàn. Ẹ ti rí i?

Ọjọ́ kejì tí ọmọ dé, mo bá a lẹ́nu ọ̀nà tó ń na òwú funfun kan láti igun kan dé èkejì. Lọ́jọ́ kẹta, ó wọn bẹ́ǹṣì mi, ó wọn àga, ó wọn fèrèsé. Lọ́jọ́ kẹrin, ó ń ka ẹsẹ̀ rẹ̀ láti ṣọ́ọ̀bù lọ sí ojú títì, ó ń kà á lédè Gẹ̀ẹ́sì, kí n má baà gbọ́ ni mo rò. Ó wá kọ ọ́ sínú ìwé pélébé kan.

Mo ní, "Bísí, kí lò ń kọ yẹn?"

"Nọ́ńbà ni, Bàbá àgbà."

"Nọ́ńbà kí ni?"

"Nọ́ńbà lásán ni, sà."

Ọmọ ọdún méje wo ló ń kọ nọ́ńbà lásán lásìkò họlidé? Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ṣọ́ ọ. Tó bá wọ iyàrá, màá dá òòlù dúró, màá tẹ́tí. Àpótí tí ìwé ilẹ̀ wà nínú rẹ̀, mo gbé e láti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ sí orí àjà. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Síbẹ̀, mo gbádùn ọmọ náà. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn pẹ̀lú. Òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́, àwa méjèèjì á jókòó lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù, a óò máa jẹ àgbàdo sísun. Pẹ̀lẹ́bẹ́ igi tó ń ká jáde lẹ́nu ìfági mi, ó máa ń fi wọ́n ṣe yẹtí, á wá máa rìn bí ìyàwó ọ̀ṣìngín níwájú àwọn oníbàárà. Mo mú un lọ sí pápá bàálù ní Ikẹja. A dúró sídìí wáyà, bàálù kan sì gbéra. Ó di ẹsẹ̀ ṣòkòtò mi mú, ó pariwo, "Bàbá àgbà, orí wa ló ń bọ̀ o!" Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń padà bọ̀, tó ti sùn lẹ́yìn mi, mo ń rò ó pé bóyá torí kí ọkàn mi lè rọ̀ ni wọ́n ṣe rán an. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wà láti kékeré ni?

Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ rèé. Lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn tí mo ti mọ́ṣáláṣí dé, mo na ara mi sórí ẹní nínú ṣọ́ọ̀bù. Oorun gbé mi. Nǹkan kan ló rìn mí lójúgun tí mo fi jí. N kò la ojú tán. Bísí ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, lórí eékún rẹ̀, ó ń na òwú láti àtàrí mi dé gìgísẹ̀. Ó ta kókó sí i. Ó fi eyín gé e. Ó tún na òmíràn láti èjìká kan dé èkejì, bẹ́ẹ̀ ló rọra ń mí, kí n má baà jí.

Ìyá mi, ẹ mọ iṣẹ́ mi. Ẹ mọ̀ pé èmi ni àwọn onígbàgbọ́ àdúgbò máa ń pè láti kan pósí. Bí mo ṣe ń ṣe é gan-an nìyẹn. Màá na okùn láti àtàrí dé gìgísẹ̀, màá na òmíràn sí èjìká, màá ta kókó, màá bá tèmi lọ. Gbogbo ẹni tí mo ti wọ̀n bẹ́ẹ̀ rí, kò sí ọ̀kan tó dìde.

Ara mi tutù bí omi inú àmù. Mo dúró jẹ́ẹ́ títí ó fi dìde lọ. Nígbà tó lọ ṣeré lẹ́yìnkùlé, mo ṣí àpótí páànù rẹ̀. Lábẹ́ aṣọ, mo rí òwú mẹ́fà, wọ́n so àkísà pupa mọ́ òmíràn, dúdú mọ́ òmíràn. Mo kó wọn lọ sọ́dọ̀ Ìyá Sídì tó ń dín àkàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ó wò wọ́n, ó na ọwọ́ sẹ́yìn, kò fẹ́ fara kàn wọ́n.

Ó ní, "Bàbá Rábì, ẹ má fọwọ́ kékeré mú èyí o. Wọ́n rán ọmọ yẹn ni. Ẹ dáná sun wọ́n kíá."

Mo jù wọ́n sábẹ́ agbada rẹ̀. Wọ́n jó.

Nírọ̀lẹ́, Bísí ṣí àpótí, ó tú gbogbo aṣọ rẹ̀ jáde, ó gbọn ẹní, ó wo abẹ́ bẹ́ǹṣì. Ó kàn jókòó sílẹ̀, omi sì ń dà lójú rẹ̀ láìsí ariwo. Ẹkún tí kò ní ohùn yẹn ló bí mi nínú jù.

Mo ní, "Kí lò ń wá?"

"Kò sí nǹkan, sà."

"Òwú ni. Mo ti sun ún. Ta ló rán ẹ?"

Ó mi orí. Mo gbé ohùn sókè, bóyá ọmọ náà ò gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ rí. "Mo ní ta ló rán ẹ sí mi?"

"Màámi ni."

"Kí ni wọ́n fẹ́ fi ìwọ̀n mi ṣe?"

"Wọ́n ní n ò gbọdọ̀ sọ."

"Ó dáa. Di ẹrù rẹ. Lọ́la ni màá wá olóbì yẹn lọ sí ìdíkọ̀ ojú irin. Wàá padà sí Ìbàdàn."

Ó wá bú sẹ́kún gidi. "Tí n bá lọ lọ́la, màámi ò ní rí ìwọ̀n yín mọ́! Wọ́n ní tí ẹ bá mọ̀ pé àwọn ló rán an, ẹ ò ní wọ̀ ọ́."

"Kí ni n ò ní wọ̀?"

"Agbádá."

Ó sọ ọ́ fún mi díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ikun nímú. Télọ̀ ni Rábì ní Ìbàdàn báyìí, ó ní ọmọṣẹ́. Ó ra aṣọ sílẹ̀ de Iléyá, ó fẹ́ rán an fún mi, kò sì rántí bí mo ṣe gùn tó. Ó kọ́ ọmọ náà bí wọ́n ṣe ń fi òwú wọn ènìyàn, ó ní kó fi ilẹ̀kùn àti àga kọ́wọ́ kó tó kàn mí, kó má baà ṣì í. Pupa fún èjìká, dúdú fún apá. Ẹsẹ̀ tó ń kà lọ sí títì ńkọ́? Ó ní òun kàn fẹ́ràn láti máa ka nǹkan ni.

N kò lè sọ pé irọ́ ni Rábì pa mọ́ mi. Òótọ́ ni. Ká ní ẹlòmíràn ló gbé agbádá yẹn wá, tó ní Rábì ló rán an, n kò ní jẹ́ kó tú u sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mo ra òwú tuntun. Mo ní kó wá wọ̀n mí. Mo nàró, ó na apá títí, ọwọ́ rẹ̀ ò tó èjìká mi. Ó wo ẹní, kò fẹ́ sọ ọ́. Ni mo bá dùbúlẹ̀ fún un, lójúmọmọ, pẹ̀lú ojú mi méjèèjì tó là sílẹ̀. Ó ní, "Bàbá àgbà, ẹ má mira." N kò mira. Mo ń wo pákó òkè àjà, ọwọ́ kékeré yẹn sì ń ti èjìká kan bọ́ sí èkejì. Ìyá Sídì yọjú, ó rí wa, ó kígbe, "Lahila!" Mo ní kó lọ máa dín àkàrà rẹ̀.

Olóbì mú òwú náà lọ sí Ìbàdàn. Mo ní kí Bísí kọ ọ̀rọ̀ kan tẹ̀ lé e: kí ìyá rẹ̀ gbé aṣọ náà wá fúnra rẹ̀.

Rábì dé lánàá. Mo ti to ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní ẹnu láti àárọ̀, ọ̀rọ̀ bàbá sí ọmọ. Nígbà tó kúnlẹ̀ sí inú ẹrẹ̀ ní ìdíkọ̀, tí n kò rí ọmọge ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún tí mo lé, bí kò ṣe obìnrin tó ti ní irun funfun méjì níwájú, ohun tó jáde lẹ́nu mi ò ju, "Dìde. Ṣé o ti jẹun?" Ó ní rárá. Bísí ń fò sókè sódò láàárín wa.

Agbádá náà tóbi. Apá rẹ̀ bo ìka mi, etí rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀. Rábì dorí kodò. Ó ní, "Mo rí òwú yẹn, Bàbá. Mo rò pé ọmọ yìí ṣì í ni. Mo ní bàbá mi ò kéré tó báyìí, mo bá fi kún un." Ó fẹ́ tú u kó tún un rán. Mo ní kó fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ibi tó le jù ló kù. Nígbà tí a ń jẹun, ó bi mí, "Bàbá, ṣé Ìyá àgbà dárúkọ mi kí wọ́n tó lọ?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. N kò lè sọ ìyókù. Ẹ bi mí lẹ́ẹ̀mẹta lórí ẹní àìsàn bóyá mo ti ránṣẹ́ sí Rábì, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sì ní mo ti rán, pé ó ti wà lọ́nà. N kò rán ẹnikẹ́ni. Ẹ ń wo ẹnu ọ̀nà títí ilẹ̀ fi mọ́. Lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́ ni Rábì tó gbọ́ pé ẹ ti lọ, ẹnu ará ọjà ló sì ti gbọ́ ọ. Ṣé ẹ mọ̀ pé irọ́ ni nígbà náà? Mo fura pé ẹ mọ̀. Mo fura pé Rábì náà mọ̀, torí ó wò mí pẹ́, ó wá bu omi sí ife mi.

Mo ti kírun Ṣùbúì tán, ilẹ̀ sì ti mọ́. Wọ́n ṣì ń sùn, òun àti ọmọ rẹ̀, ní iyàrá yín. Tí wọ́n bá jí, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń bọ̀ wá sí ibojì yín. Níbẹ̀ ni màá ti sọ fún un, níṣojú yín, kí n má baà rí ọ̀nà yẹ̀ ẹ́. Tó bá yí padà kúrò lọ́dọ̀ mi, n kò ní lè dá a lẹ́bi. Ẹ ṣáà má kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi títí màá fi sọ ọ́ tán.

Èmi ni,
ọmọ yín tó purọ́ fún yín, tó sì ń ṣàárò yín lójoojúmọ́.