Òwú Funfun Lọ́wọ́ Dinso

Ojúlé Kẹtàdínlógún,
Abúlé Don Wai,
Roi Et.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹsàn-án, 2025.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Ẹ̀gbọ́n Buakhao,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí. Mo ti ṣègbéyàwó. Ó ti di oṣù mẹ́rin báyìí, n kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni, títí kan ẹ̀yin tí n kì í fi nǹkan pamọ́ fún. Kanlaya ni, olùkọ́ ìṣirò tí ẹ máa ń bi mí pé kí ló dé tó fi ń wá jẹun nílé wa lójoojúmọ́. A lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ní Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù Karùn-ún, a fọwọ́ síwèé, a ra adìyẹ yíyan jẹ lẹ́bàá ọ̀nà, a sì padà sẹ́nu iṣẹ́ bí ẹni pé eyín la lọ yọ.

Ayọ̀ ò tilẹ̀ jẹ́ kí n kí yín. Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Rayong? Ẹsẹ̀ tó ń dùn yín nítorí ìdúró ní ilé iṣẹ́ ńkọ́? Bàbá Fai ńkọ́, ṣé wọ́n ti jáwọ́ nínú sìgá? Fai náà ńkọ́, ṣé ó ti ń rìn? Ara Ìyá le níbí, wọ́n ṣì ń bá adìyẹ aládùúgbò jà láràárọ̀.

Ẹ mọ ìdí tí mo fi pa á mọ́. Ẹ rántí ohun tí ojú mi rí nílé ẹ̀kọ́, nígbà tí wọ́n ń pè mí ní ọkùnrin aláìnírùngbọ̀n torí pé ọmọbìnrin bíi tèmi ni mo fẹ́ràn, tí ẹ sì ń dúró dè mí lẹ́nu géètì ká lè jọ rìn lọ sílé. Mo rò pé bí mo bá ti dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa rí mi sọ̀rọ̀ sí mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe títí ọ̀rọ̀ Dinso fi ṣẹlẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni Dinso, nílé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń dáná, tí Kanlaya ti ń kọ́ni. Ó sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan pé ọkùnrin bíi tòun ni ọkàn òun ń fà sí. Ọ̀rẹ́ náà ò lè pa ẹnu mọ́. Láti ọjọ́ náà ni Kong, ọmọ kíláàsì kẹta, àti àwọn tó ń tẹ̀ lé e ti ń kí Dinso pé, “Ìyàwó gbogbo wa ti dé.” Bó bá bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, wọ́n á gbé e kọ́ sórí igi máńgòrò. Lọ́jọ́ kan, wọ́n fi ọ̀dà píńkì kùn ún.

Kanlaya gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sípàdé olùkọ́. Igbákejì ọ̀gá ní eré ọmọdé ni, kí Dinso kọ́ bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín. Kanlaya jókòó. Ẹ̀rù ń bà á pé bóun bá tẹnu mọ́ ọn, wọ́n á bi òun pé kí ló kan òun níbẹ̀.

Dinso ò wá mọ́. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ìyá rẹ̀ wá bá mi ní ilé ìdáná pé ọmọ òun lóun ò kàwé mọ́, pé oko ìrèké ẹ̀gbọ́n bàbá òun lòun ń lọ. Ẹ̀fọ́ tí mo ń gé sú mi.

Ni mo bá lọ bá Bàbá Kham, àgbà tó máa ń pe ọkàn ẹni tí ẹ̀rù bà padà sára rẹ̀. Bàbá ní ibi tí ọkàn ọmọ náà ti sá lọ la ti gbọ́dọ̀ pè é, ìyẹn ilé ẹ̀kọ́. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ò lè kọ̀. Bàbá yìí ló pe ọkàn tirẹ̀ padà lọ́dún tí ọ̀kadà gbé e ṣubú.

Nínú oṣù Kẹjọ, gbogbo wa péjọ sí gbọ̀ngàn. Dinso jókòó ti ìyá rẹ̀, ó dorí kodò. Bàbá Kham ní bóun ṣe máa ń ṣe é ni pé tọkọtaya tuntun ló ń so òwú funfun àkọ́kọ́ mọ́ ẹni náà lọ́wọ́, kí ọkàn rẹ̀ má bàa sá lọ mọ́, torí pé ayọ̀ wọn ṣì gbóná. Igbákejì ọ̀gá ní kò sírú wọn níbí, kí Bàbá jẹ́ kí òun àti ìyàwó òun ṣe é. Bàbá bi í pé ọdún mélòó ni wọ́n ti fẹ́ra. Ó ní méjìlélọ́gbọ̀n.

“Ìyẹn ti tutù,” ni Bàbá wí. Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Dinso nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Ibi tí mo ti ń wò ó ni Kanlaya ti dìde láàárín àwọn olùkọ́, tó nawọ́ sí mi, èmi tí aṣọ ìdáná ṣì wà lára mi. Ó ní, “Bàbá, àwa nìyí. Oṣù kẹta wa rèé.”

Ẹ̀gbọ́n, mo lọ dúró tì í. Bàbá wò wá títí, wọ́n ní, “Ṣé ẹ máa ń jà?”

Mo ní, “Lórí ata nìkan, Bàbá.”

“Ó ṣì gbóná nìyẹn. Ẹ wá so ó.”

Bí mo ṣe ń so òwú náà, Dinso gbójú sókè, ó rọra bi mí pé, “Àǹtí, ẹ̀yin náà?” Mo ní èmi náà, mo sì ń jẹun, mo ń sùn, mo ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ mọ̀ pé kò sẹ́ni tó lè so òwú láì sọ̀rọ̀ rere. Nígbà tó kan Kong, ó di òwú mú, ọ̀rọ̀ ò jáde. Bàbá ní kó má kánjú, pé ìrẹsì tí a fẹ́ jẹ lẹ́yìn rẹ̀ ló máa tutù, òun kọ́. Níkẹyìn ó ní, “Padà wá. Ohun tí mo ṣe yẹn kì í ṣe eré.” Igbákejì ọ̀gá húkọ́. Dinso mú òwú, ó so ó mọ́ Kong lọ́wọ́, ó ní, “Kí ọkàn tìẹ náà balẹ̀.”

Ní Ọjọ́ Ajé, Dinso wọ kíláàsì. Igbákejì ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló sọ nídìí àsíá pé ohun tí kò bá dùn mọ́ ẹni tí a ṣe é sí kì í ṣe eré, ẹni tó bá sì tún ṣe é máa fojú kan òun. Olùkọ́ kan ti ń dúró níbi bàtà báyìí. Lọ́jọ́rùú, àwọn ọmọ tó bá ní nǹkan lọ́kàn máa ń wá bá Kanlaya sọ̀rọ̀ ní ilé ìdáná mi. Mẹ́rin ni wọ́n tẹ́lẹ̀, wọ́n ti di mọ́kànlá, wọn ò sì fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ kankan sílẹ̀ fún mi. Olùkọ́ kan ṣì wà tí kì í dá mi lóhùn bí mo bá kí i, àmọ́ ó ń jẹ ọbẹ̀ mi.

Ìyá bínú gan-an o. Kì í ṣe pé mo fẹ́ obìnrin ló dùn wọ́n. Ẹnu ẹlẹ́ja ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Wọ́n ní àfi ká ṣe ìgbéyàwó náà lójú gbogbo ẹbí, tọmọdé tàgbà.

Ẹ bá mi kí Bàbá Fai àti àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́. Kanlaya ń kí yín, ojú ń tì í díẹ̀. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ìnáwó, ṣùgbọ́n Dinso ni olórí àwọn tó máa ká ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún àwo òdòdó tí a máa so òwú nídìí rẹ̀, ó sì ní ẹni tó bá dé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, àlejò ni. Nítorí náà, kí gbogbo yín dé láàárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù Kọkànlá.

Èmi àbúrò yín, ìyàwó ọ̀ṣìngín,
Lamduan.