Bàámi, Ọwọ́ Kan Ló Ta Béèsì Méjèèjì

Ẹ kú ilé o, Bàámi. Ẹ kú ojúlọ́nà, ẹ kú òtútù òwúrọ̀, ẹ kú ìtọ́jú ara. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti Ajégúnlẹ̀ níbí, àyà mi kanlẹ̀. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń se oúnjẹ yín, mo kí àwọn ọmọ rẹ̀, mo kí gbogbo ará agboolé, àti àwọn àgbà ìjọ tí wọ́n máa ń jókòó tì yín lẹ́yìn ìsìn. Ara mi le. Irun mi ti funfun tán, ṣùgbọ́n eyín mi pé.

Ìyá Bọ́lá, tíṣà tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi, ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Ẹ mọ̀ pé oko ni ẹ mú mi lọ nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń lọ sí ilé ìwé. N kò fi bú yín. Mo ní kó kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́, kó má fi oyin sí i. Mo sì ti bẹ akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa pé kó tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́, nítorí ìta gbangba ni wọ́n ti bà mí jẹ́. Ohun tí wọ́n bà jẹ́ níta, n kò lè máa tún un ṣe ní kọ̀rọ̀.

Jósẹ́fù, ọmọ àbúrò yín, ló fa gbogbo èyí. Ó wá sí Èkó wá ra irin ẹ̀rọ ìlọta, ó gbọ́ eré wa ní ọ̀sán Sọ́ńdè kan, ó sì padà sílé lọ dúró lójú gbogbo ènìyàn lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní béèsì tí ẹ fẹ́ràn nínú àwo orin wa, kì í ṣe èmi ló ta á. Ó ní òun fi ojú ara òun rí ẹni tó ta á, ọ̀dọ́kùnrin kan tó dúró lápá ọ̀tún mi. Ẹ wá ránṣẹ́ sí mi pé ṣé òótọ́ ni. Ẹ ò bú mi, ẹ ò bá mi wí, ẹ kàn bèèrè. Ìbéèrè yẹn dùn mí ju pàṣán lọ.

Ṣé ẹ rántí pé nígbà tí mo fi oko sílẹ̀, ẹ ní iṣẹ́ ọ̀lẹ ni mo ń wá lọ? Mo gbà. N kò ṣàwáwí. Ó di ọdún tó kọjá kí ẹ tó yìn mí fún ohun tí ọwọ́ mi ṣe. Wọ́n fi àwo náà sórí ẹ̀rọ oníbátìrì fún yín, ẹ sì ní kí wọ́n sọ fún mi pé èyí tó ń rìn nísàlẹ̀ yẹn, tó ń rìn bí ẹni tó ru ẹrù bọ̀ láti oko tí kò kánjú, ẹni yẹn mọ iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé sùn, òun ni mo gbé jí. Òun ni Jósẹ́fù mú lọ́wọ́ mi tó gbé fún ẹlòmíràn.

Ẹ jẹ́ kí n ròyìn bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ọ̀gá, ìyẹn ẹni tó ni ẹgbẹ́ olórin wa tó sì ń kọrin ṣáájú, kó wa lọ sí ilé kan ní Àpápá tí wọ́n ti ń gba ohùn sílẹ̀. Mo gbé gìtá béèsì mi, olókùn mẹ́rin, mo ta á bí ẹ ṣe gbọ́ ọ yẹn, ohùn tó wúwo, tó ń lọ jẹ́ẹ́. Nígbà tí mo parí, ọkùnrin tó jókòó ti ẹ̀rọ ní kí n tún un ta, pé kò dá òun lójú bóyá ó wọlé dáadáa. Bàámi, ẹ mọ̀ mí. Ebè tí mo bá ti kọ, n kì í padà sórí rẹ̀. Mo ní bó bá jẹ́ pé n ó tún ta nǹkan, òmíràn ni n ó ta. Mo kó ọwọ́ lọ sórí àwọn okùn kékeré, mo ń ta ohùn tín-ín-rín kan tó ń dáhùn bí ọmọdé tó ń já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu àgbà. Mo rò pé yóò pa ti àkọ́kọ́ rẹ́ ni. Kò pa á rẹ́. Ọkùnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ da méjèèjì pọ̀, ó pariwo, ó ní kí a wá gbọ́. Àwa náà pariwo. Orí kunkun mi ló bí ohun tí ẹ gbọ́ yẹn.

Lóko wa, ebè kan náà ni a ń gbin iṣu sí, àgbàdo á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ̀gúsí á fà kọjá lórí rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń kọjá lọ tó máa ní àgbẹ̀ mẹ́ta ló ni ebè náà. Ṣùgbọ́n àwọn tó tẹ àwo jáde gbọ́ ohùn méjì, wọ́n gbà pé ènìyàn méjì ni.

Oṣù mẹ́jọ ni mo fi páálí àwo náà kọ́ sára ògiri mi. Gbogbo àlejò ni mo ń fi hàn. Ní ọjọ́ kan Ìyá Bọ́lá wá tọrọ iyọ̀, ó ka ara páálí, ó sì bi mí pé ta ni ẹni kejì. Mo ní ẹni kejì wo? Ó ní wọ́n kọ orúkọ méjì síbi gìtá béèsì, tèmi àti ti Máíkẹ́ẹ̀lì kan. Mo ní kó tún un kà. Ó tún un kà. Bàámi, kò sí Máíkẹ́ẹ̀lì kankan nínú ẹgbẹ́ wa, kò sì tíì sí rí. Mo gba ọ̀dọ̀ Ọ̀gá lọ ní ọ̀sán gangan. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní Bàbá, ẹ fara balẹ̀ jàre. Ó ní wọ́n bi òun pé mélòó ni àwọn tó ta béèsì, òun ò sì fẹ́ kí wọ́n rò pé ẹgbẹ́ òun kéré, lòun bá fi orúkọ kan kún un. Ó ní ṣé orúkọ ń jẹun ni? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ti jẹ tèmi.

Àwo náà wá tà. Ilé ọtí kan ní Boundary ní kí a máa wá ṣeré níbẹ̀ ní ọ̀sán Sọ́ńdè. Orin yẹn làwọn ènìyàn ń béèrè, ṣùgbọ́n bí a bá kọ ọ́ pẹ̀lú ohùn béèsì kan ṣoṣo, wọ́n á ní èyí kọ́. Ọkùnrin kan tó ń tún bàtà ṣe dìde láàárín èrò, ó ní ṣé ìdajì orin ni àwọn san owó fún ni? Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ojú ti Ọ̀gá, ó lọ mú Godwin wá láti Amukoko, ọkùnrin ẹni ọgbọ̀n ọdún tó ń ta béèsì ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó mọ̀ ọ́n ta, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n àyà kan ni ohùn méjèèjì yẹn ti jáde. Ibi tí mo bá ti mí ni ohùn kejì ti ń sọ̀rọ̀, Godwin kò sì lè mọ ìgbà tí n ó mí. A gbìyànjú rẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé gìtá sílẹ̀, tó fi pijin sọ pé Bàbá, èyí dà bí ìgbà tí ènìyàn méjì bá wọ ṣòkòtò kan.

Ọ̀gá tún ní ọgbọ́n mìíràn. Ó ní kí a fi ohùn kan sínú kásẹ́ẹ̀tì, kí a gbé ẹ̀rọ rẹ̀ pa mọ́ sẹ́yìn aṣọ, kí n máa fi ìka jó lórí okùn bí ẹni ń ta á. Èmi! Mo ní ìka mi kì í ṣe oníjó. Bí ẹ bá rán mi lọ sóko, tí mo jókòó sábẹ́ igi, tí mo ń ju ọkọ́ sókè sódò kí ẹ lè rò pé mo ń ṣiṣẹ́, kí ni ẹ ó fi mí ṣe?

Mo padà sí yàrá mi, mo ro ó. Ohùn tó wúwo yẹn, ibi méjì ló ti máa ń sinmi. Bí ibi méjèèjì bá lè bọ́ sórí okùn ńlá méjì láìfi ìka tẹ̀ wọ́n, ọwọ́ òsì mi yóò ráyè gbọ́ ti àwọn okùn kékeré. Ṣùgbọ́n ohùn orin náà ga díẹ̀ ju ohùn okùn méjèèjì lọ. Mo bẹ Ọ̀gá pé kó sọ orin kalẹ̀ ní ìwọ̀n kékeré kan péré. Ó ní òun ò ní wọ́ ohùn òun nílẹ̀ nítorí gìtá bàbá arúgbó. Ó dáa. Bí kò bá sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi, èmi yóò gòkè lọ bá a. Mo fa okùn ńlá méjèèjì le títí wọ́n fi bá orin rẹ̀ dọ́gba, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n lè já, ọrùn gìtá sì lè tẹ̀.

Odindi oṣù kan ni mo fi kọ́ ọwọ́ mi bí ẹni ń kọ́ màlúù. Àtàńpàkò ń ru ẹrù nísàlẹ̀, ìka méjì ń sọ̀rọ̀ lókè. Lójú ọ̀sán, ní Liverpool Road níbi tí mo ti ń ṣọ́ ọgbà àwọn ọkọ̀ akẹ́rù, orí itan mi ni mo ń ta á sí, àwọn awakọ̀ sì ń bi mí pé Bàbá, ṣé eèrà ń bù yín jẹ ni? Òjò ọdún yìí kò ṣàánú ẹnikẹ́ni. Omi wọ yàrá mi dé orókùn. Mo gorí tábìlì, mo gbé gìtá lé itan, mo ń bá a lọ. Láti ìgbà tí ìyá àwọn ọmọ mi ti lọ, kò sí ohùn mìíràn tó ń dá mi lóhùn nínú yàrá yẹn, nítorí náà kò ṣòro fún mi láti jókòó tì í.

Ọjọ́ Sọ́ńdè tí mo kọ́kọ́ fẹ́ ta méjèèjì lójú èrò ni Jósẹ́fù wá. Mo dé orí ìtàgé, mo rí Godwin níbẹ̀, gìtá lọ́rùn rẹ̀. Ọ̀gá ló ní kó wá dúró, kó máa jẹ́ Máíkẹ́ẹ̀lì fún ọ̀sán ọjọ́ kan, nítorí méjì ni páálí àwo wí. Ó ní kó má fi ọwọ́ kan okùn. Wáyà gìtá rẹ̀ kò sì wọ ibì kankan. Mo fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ kí n máa lọ. Ṣùgbọ́n mo rò ó pé bí mo bá lọ, wọn kò ní gbọ́ ohun tí mo ṣe. Mo dúró.

A kọrin náà. Bàámi, méjèèjì jáde. Ibì kan wà láàárín orin tí ohùn wúwo ti kúrò níbi ìsinmi rẹ̀ tó ń gun òkè. Ibẹ̀ ju ọwọ́ kan lọ, mo jẹ́wọ́. Mo ti pinnu pé n ó fi í sílẹ̀ lófìfo. Nígbà tí a débẹ̀, àwọn èrò ló fi ẹnu ta á! Gbogbo ilé, pẹ̀lú oníbàtà yẹn, dùm-dùm-dùm, wọ́n gun òkè náà títí dé orí, wọ́n sì gbé e padà fún mi. Mo kọ́kọ́ fẹ́ bínú pé wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Kì í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo gbà á lọ́wọ́ wọn, n kò sì ṣìnà.

Ibẹ̀ ni Jósẹ́fù ti juwọ́ sí mi, tó lọ wọkọ̀ rẹ̀. Ká ní ó dúró díẹ̀ sí i ni! Orin parí, Ọ̀gá gbé ẹnu lé máíìkì, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn oníbéèsì òun méjèèjì, ó nawọ́ sí Godwin, ó pè é ní Máíkẹ́ẹ̀lì. Godwin wò mí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú orí wáyà tó ń wọ́ nílẹ̀, ó gbé e sókè kí gbogbo ènìyàn rí i pé kò wọ ibì kankan, ó sì nàka sí mi. Ilé dà rú. Oníbàtà ní Ọ̀gá, ṣé àwa náà la máa gba orúkọ nínú àwo tó ń bọ̀, àwa tí a fi ẹnu ta tiwa?

Ọ̀gá lé Godwin lọ́jọ́ náà. Ó ní kí èmi wá tọrọ àforíjì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé, n kò lọ, n kò sì ní lọ títí tí yóò fi lọ bá àwọn tó tẹ àwo pé kí wọ́n yọ orúkọ yẹn kúrò. Owó eré kò wọlé, nítorí náà, ẹ má bínú pé kò sí nǹkan nínú àpò ìwé yìí lóṣù yìí.

Ẹ má kàn gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ nítorí pé ẹ̀yin lẹ bí mi. Mò ń bọ̀ nílé ní ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì. Mo ti yá àpótí agbóhùnsókè tó ń lo bátìrì mọ́tò, nítorí iná kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa. N ó jókòó sí iwájú ilé, kí Jósẹ́fù jókòó síbi tó sún mọ́ mi jù, kí àwọn tí ó sọ ọ́ fún náà wà níbẹ̀. Godwin ní òun yóò tẹ̀ lé mi wá jẹ́rìí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì kọ̀. Bí a bá dé ní méjì, Jósẹ́fù yóò tún ní òun ti sọ ọ́.

Kí Olúwa dá ẹ̀mí yín sí dè mí. Kí etí yín má di, kí ẹsẹ̀ yín má kọṣẹ̀ lójúde, kí oúnjẹ máa rọ̀ yín lọ́nà ọ̀fun. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, lọ́mọdé lágbà. Ẹ bá mi kí Jósẹ́fù pẹ̀lú. Ẹ sọ fún un pé mo ń bọ̀.

Èmi nìkan ni,
ọmọ yín,
Àkàndé.