Ewé Pupa Nínú Kòkó Bàbá Wa

Ọjọ́ Ajé, 18 oṣù Kẹta, 2019
Modúpẹ́ ọmọ mi, kọ ọ́ bí mo ṣe wí i. Má fi ti tíṣà tún un ṣe.
Apakòkó gbọ́dọ̀ kó lọ. Orúkọ tí mo sọ Ràímì nìyẹn — ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń tọ́jú ìdajì oko bàbá wa ní Ilu-Abo láti ọdún méje, tí a jọ ń pín èso. Lọ́dún tó kọjá, ó gé gbogbo kòkó ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ dé orúnkún. Ó ní wọn yóò tún rú. Kòkó tí bàbá wa fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn! Mi ò dé ibẹ̀ mọ́. Ta ló ń lọ wo òkú? Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, Olóyè Adébùsóyè yóò dájọ́.

Ọjọ́rú, 20
Rufus àbúrò mi dé láti Lọ́ńdọ̀nù. Bàtà funfun bí ẹyin adìẹ.
Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká nasẹ̀ lọ sóko.”
“Kí la fẹ́ gbé bọ̀?”
“Kò sí. Ká kàn wo ewé ni.”
Ó ní bí ewé bá pọ́n lọ́hùn-ún, tọkọtaya ń rìn lábẹ́ igi láti wò ó. Kò sí àdá, kò sí agbọ̀n. Àwa ni wọ́n wá ń pè ní ará oko.

Ọjọ́ Ẹtì, 22
Òjò. Bàtà funfun ò jáde.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 23
A lọ. Ẹ̀gbẹ́ tèmi la kọ́kọ́ gbà — ewé pupa rúsúrúsú, òmíràn ti gbẹ, ó ń fọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ bí èèpo ẹ̀pà. Rufus ń ya fọ́tò. “Ẹ wo àwọ̀!” Mi ò sọ fún un pé ogbó ni.
Ó bá rìn wọ ẹ̀gbẹ́ Apakòkó. Mo tẹ̀ lé e kí n lè fà á padà.
Pupa. Látòkè délẹ̀. Ọ̀mùnú ti yọ lára gbogbo kùkùté, ó ga jù mí lọ, ewé rẹ̀ rọ̀, ó pọ́n bí etí ọmọ àná.
Rufus ṣí fìlà. “Ó mà ṣe o, wọ́n ń kú lọ. Èmi ni màá jẹ́rìí yín ní Ọjọ́bọ̀.”
Ewé kòkó tó bá pọ́n báyẹn, ọmọ tuntun ni. Mo mọ̀. Mo ní kó wá jẹ́rìí náà.
Ràímì ń ro oko nítòsí. Ó kàn dọ̀bálẹ̀ ni, kò fọ́nnu. Ìyẹn gan-an ló bí mi nínú.

Ọjọ́ Àìkú, 24
Mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Inú ń run mí. Irọ́ ni. Modúpẹ́, kọ “irọ́ ni” náà.

Ọjọ́bọ̀, 28
Rufus sọ̀rọ̀ bí lọ́yà: igi ti pọ́n, igi ń kú. Ràímì ní ewé tuntun ni. Olóyè ò ríran dáadáa mọ́. Ó kọjú sí mi: “Ìwọ tí wọ́n bí sábẹ́ kòkó, èwo ni ká gbà?”
Sherifat, ìyàwó Ràímì, ti di ẹrù. Ìkòkò ọbẹ̀ ló wà lókè pátápátá.
Mo ní, “Ewé tuntun ni.”
Rufus fò sókè. “Ẹ̀gbọ́n! Ẹ̀yin náà lẹ pè mí lẹ́rìí!”
“Mo pè ọ́. Ṣé èmi ni mo ní kí o má mọ ewé?”
Olóyè rẹ́rìn-ín. “Ó dáa, kí Ràímì dúró. Ta wá ni Apakòkó?”
Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Sherifat fi gèlè bo ẹnu. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ajé, 1 oṣù Kẹrin
Ràímì gbé ayùn dé ẹ̀gbẹ́ tèmi láàárọ̀. Mi ò bẹ̀ ẹ́ o, mo ní kó wá ni.
Mo fi kòkó tí bàbá wa kọ́kọ́ gbìn hàn án. Ó dúró. “Bàbá, ṣé kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibòmíràn?”
“Orúnkún lo máa ń gé e dé. Gé e.”
Mo fi èjìká ti igi náà, kó má baà ya.