Ọmọ Tí Mo Ń Wakọ̀ Kọjá
Olóòtú ètò orí rédíò wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bò mí láṣìírí.

Bọ́ọ̀sì ilé-ìwé ìjọba ni mo ń wà. Òfin tuntun ìpínlẹ̀ wa ní kí ọmọ tí ilé rẹ̀ kò tó máìlì méjì sí ilé-ìwé máa fẹsẹ̀ rìn. Ọmọbìnrin kan tó ń tiro wà lára wọn. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ kan, mo bá gbé e. Ọ̀gá wa ní, "Bàbá, tẹ́ ẹ bá tún dán an wò, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn."

Ìyàwó mi ń ṣàìsàn. Iṣẹ́ yìí la gbójú lé. Ni mo bá ń kọjá lára ọmọ yìí láràárọ̀. Tẹ́lẹ̀, ó máa ń juwọ́ sí mi. Ní báyìí, tó bá gbúròó bọ́ọ̀sì, ṣe ló ń kọjú sí ògiri ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà.

Ẹ̀yin olùgbọ́, ká ní ẹ̀yin lẹ wà nídìí ọkọ̀, ṣé ẹ máa dúró?