Ọmọ Tí Oṣù Rẹ̀ Kò Pé Náà Mọ Ìrora

Ìyá mi l'Éjìnrìn, ẹ kú ilé o. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti òkè òkun níbí. Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀ọ̀dá Músílíù, àti àwọn ìyàwó ilé. Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ti fúyẹ́? Òtútù ibí kò jẹ́ kí n gbádùn. Oòrùn á yọ, àmọ́ kò ní mú. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, kò sẹ́ni tó máa bi mí bóyá mo ti jẹun.

Ẹ bi mí lórí fóònù pé kí ni mò ń kọ́ gan-an. Oògùn ìrora ni, bó ṣe ń ṣe lára àwọn ọmọ tí wọ́n bí láìpé oṣù. Ẹ̀dọ̀ wọn kò tíì gbó, oògùn máa ń pẹ́ lára wọn kó tó jáde. Torí náà díẹ̀ là ń fún wọn, a ó sì máa ṣọ́ èémí wọn. Àmọ́ à ń fún wọn.

Ẹ mọ ìdí tí mo fi yan iṣẹ́ yìí. Ní ọsíbítù tí mo bímọ sí n'Ìkòròdú, dókítà la ẹ̀gbẹ́ ọmọ mi tí oṣù rẹ̀ kò pé kó lè ti rọ́bà bọ̀ ọ́, kí afẹ́fẹ́ tó há sí i láyà lè jáde. Ẹ̀yin fúnra yín bẹ dókítà pé kó fún un lóògùn ìrora. Ó ní ọmọ tó kéré tó yẹn kò mọ nǹkan kan. Ọmọ náà ké títí ohùn rẹ̀ fi lọ. Kó tó dìrọ̀lẹ́, ó kú. Mi ò lè sọ pé ìrora ló pa á. Pé ó joró ni mo mọ̀.

Láìpẹ́ yìí ni dókítà yẹn kọ̀wé sí ẹ̀ka wa, pé kí ẹnì kan wá kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì òun bí wọ́n ṣe ń lo oògùn náà. Kò mọ̀ pé èmi ni màá kà á. Mo rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ mi ti tó o. Mo pè é, mo sọ ẹni tí mo jẹ́ fún un. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí. Mo ní màá wá, torí àwọn ọmọ tí wọn ò tíì bí. Àmọ́ kí n tó la ẹnu, òun fúnra rẹ̀ ló máa dìde níwájú àwọn nọ́ọ̀sì rẹ̀, kó sọ ohun tó ṣe fún ọmọ mi, kó má fi nǹkan kan pamọ́. Ó gbà.

Ẹ ti ní kí n fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ẹ má bínú, Ìyá mi, mi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdí rèé tí mo fi ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí síta nínú ìwé ìròyìn, kí gbogbo èèyàn lè mọ̀. Bí Iléyá bá ti kọjá, màá dé. Ẹ wá jókòó níwájú ní ọsíbítù náà lọ́jọ́ tó máa sọ̀rọ̀. Ojú yín ni mo fẹ́ kó máa wò bó bá ń sọ̀rọ̀.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, á jẹ́ kí a fojú kan ara wa ní àlàáfíà. Ẹ kí tọmọdé tàgbà ilé.

Èmi ni, ọmọ yín,
Sìdíkátù